Ọṣẹ Vahit Lójú Ọkọ Ìyàwó

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Bedri onígbàjámọ̀, ẹ kàn bi í léèrè iye tí wọ́n ń ta ọṣẹ ìfárùngbọ̀n lóde òní. Á gbé abẹ sílẹ̀, á kọjú sí yín, á ní, "Ṣé góòlù ni wọ́n ń gún mọ́ ọn ni, àbí kí ló dé gan-an?" Ọṣẹ ọ̀pá kékeré yẹn, tó jẹ́ pé òun ni gbogbo onígbàjámọ̀ ìlú Bergama nílẹ̀ Tọ́kì fi kọ́ṣẹ́, ti gbówó lórí débi pé ńṣe ni Bedri ń wò ó nínú ṣọ́ọ̀bù, tí á sì kọjá lọ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò lè fowó kún owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn arúgbó tó ń gbowó ìfẹ̀yìntì nìkan ló kù tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá fi lírà kan péré kún un, wọ́n á dá irùngbọ̀n sí, wọ́n á ní àwọn ti di ààfáà.

Ní ọ̀kánkán rẹ̀, lódìkejì títì, ni Tolga, onígbàjámọ̀ bíi tirẹ̀, wà. Ọmọ àná ni Tolga yìí o. Bedri gan-an ló kọ́kọ́ gé irun fún un nígbà tó wà ní kékeré, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Izmir, ó kó iná aláràbarà dé, ó kó àga tó ń yípo dé, pẹ̀lú ìpara lóríṣiríṣi. Gbogbo ọ̀dọ́ ìlú bá rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí Bedri bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ẹ̀yìn orí àwọn ọmọ tó ti gé irun fún láti kékeré ló ń wò, bí wọ́n ṣe ń wọlé síbẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Ó ń dùn ún. Ó ń dùn ún wọra, kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ìgbéyàwó Taner. Taner ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bedri àti Makbule ìyàwó rẹ̀ bí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíríìjì ní Izmir ló ti ń ṣiṣẹ́, ìdílé tó ní oko ólífì ló sì ti fẹ́ gbé ìyàwó. Ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Ẹbí á tò, oníkálukú á máa fi góòlù kọ́ aṣọ ọkọ àti ìyàwó láyà, ẹnì kan á sì máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde fáyé gbọ́: bàbá ìyàwó rèé, ẹ̀gbà ọwọ́ rèé, àbúrò ìyá ìyàwó rèé, owó góòlù rèé. Tó bá wá kan bàbá ọkọ ńkọ́? Ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ Makbule ti bá owó gbọ̀ngàn lọ. Bedri wo inú ilé, ó wo ìta, kò rí ohun tó lè tà.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ún kù ni ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n máa ń fi ìlù àti fèrè fá irùngbọ̀n ọkọ ìyàwó, gbogbo àdúgbò á sì pé lé e lórí. Bedri wá pinnu pé òun lòun máa fá ọmọ òun. Ó fẹ́ kí ojú ọmọ náà máa dán láti ọwọ́ bàbá rẹ̀ nígbà tó bá dúró ti ìyàwó. Ẹ̀bùn tirẹ̀ nìyẹn. Bí ìyẹn bá bọ́, a jẹ́ pé kò rí nǹkan kan fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Ó sọ ọ́ fún Taner lórí fóònù.

"Bàbá, Ufuk ti bá Tolga sọ ọ́." Ufuk ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa dúró tì í lọ́jọ́ náà.

"Tolga kẹ̀? Ṣé Tolga ló bí ẹ ni?"

"Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀..."

"Bó bá jẹ́ pé mò ń tì ẹ́ lójú ni, sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ta ló sọ̀rọ̀ ìtìjú níbí? Ó dáa, Bàbá. Ẹ̀yin náà ni. Ẹ fá a."

Ohùn ọmọ náà ò dán mọ́rán, Bedri sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó gbá ọ̀rọ̀ náà mú, kò jẹ́ kí ọmọ náà tún un rò. Ó pa fóònù kíá.

Ọṣẹ wá tán. Ṣé ẹ mọ bí ọṣẹ ṣe ń tán lọ́wọ́ ẹni tí kò ní òmíràn? Ó lẹ èérún mọ́ èérún, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìdí ago títí ìdí ago fi ń dán.

Makbule ní, "Bàbá Taner, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ojúlówó ọ̀kan. Ẹyọ kan péré! Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ yín ni."

"Kí n fi kí ni rà á? Kí n fá irun imú mi tà?"

"Ẹ lọ tọrọ lọ́wọ́ Tolga nígbà náà."

"Makbule, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Bó ṣe di pé ó forí lé ọ̀dọ̀ Vahit nìyẹn. Vahit ń se ọṣẹ lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fún òróró ólífì. Ọṣẹ ìfọṣọ ló mọ̀ ọ́n sè, èyí tó máa ń bó àwọn obìnrin lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe wọ́n yìí, òun náà ti dọ́gbọ́n sí i, ó ti ń gé ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, owó rẹ̀ ò sì ju kí èèyàn ra búrẹ́dì lọ.

Bedri mú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀. "Vahit, kí ló wà nínú nǹkan yìí?"

"Òróró, omi, sódà, àti àdúrà."

"Àdúrà ọ̀hún pọ̀ tó ṣá?"

"Ọ̀gá, ẹ gbé e lọ, ẹ dán an wò. Bó bá hó, ẹ wá san. Bí kò bá hó, ẹ fún ìyàwó yín kó fi fọ ṣòkòtò yín."

Bedri tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́rí. Ó rin búrọ́ọ̀ṣì, ó fi yí ọṣẹ náà lórí, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ọṣẹ hó! Ó hó, ó funfun, ó sì ki bíi yọ́gọ́ọ̀tì. Bedri kùn ún sójú ara rẹ̀, ó gbé abẹ lé e. Abẹ ń yọ̀ lọ geere. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò ta, kò yún un. Ó tún kùn ún, ó fá a lódì sí bí irun ṣe hù, síbẹ̀ kò sí nǹkan kan. Ó bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan níwájú díńgí. Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í fá àwọn arúgbó rẹ̀, kò sọ fún wọn. Ọ̀kan sùn lọ lábẹ́ abẹ, ó ń hanrun. Òmíràn ní, "Bedri, ọwọ́ ẹ tún wá rọ̀ sí i o, ṣé o fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì ni?"

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Bedri yá lọ́wọ́. Kí ọṣẹ tó sinmi lójú èèyàn, abẹ ti kó o nílẹ̀. Kò ráyè mọ ohun tí ọṣẹ Vahit máa ṣe bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lójú. Kí ló sì fẹ́ mú un fi í sílẹ̀? Onígbàjámọ̀ wo ló ń kun ọṣẹ sójú oníbàárà tí á wá máa ṣeré kiri? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bergama, ọjọ́ yẹn gan-an ni kò sì wá sí Bedri lọ́kàn. Tó bá jẹ́ pé mo wà níbẹ̀, mi ò bá gbá a létí, kó rántí. Ṣùgbọ́n ta ló ń ronú kan ohun tó ti ń ṣe láti kékeré?

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹni tó bá ń fá ọkọ ìyàwó kì í fá a tán lẹ́ẹ̀kan. Á fá díẹ̀, á dáwọ́ dúró, á kígbe pé, "Abẹ ò mú o!" Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ á kọ́kọ́ bú u, wọ́n á wá bẹ̀ ẹ́, wọ́n á ju owó sórí táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tẹ́ sórí itan ọkọ ìyàwó, abẹ á sì tún mú. Ó tún di díẹ̀ sí i, abẹ á tún kú. Bí onígbàjámọ̀ bá ṣe fà á gùn tó ni àyẹ́sí ọkọ ṣe pọ̀ tó.

Ọjọ́ pé. Wọ́n gbé àga síta, onílù dé, onífèrè dé, wọ́n mú Taner dé nínú kóòtù tuntun, Ufuk lápá ọ̀tún rẹ̀. Àwọn ará ilé ìyàwó rán àbúrò bàbá ìyàwó wá wò ó, ọkùnrin abìkùn ńlá kan tí ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Taner jókòó. Bedri fi omi gbígbóná rin ojú rẹ̀, ó kun ọṣẹ Vahit sí i títí ojú ọmọ náà fi funfun yọ̀ọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kan ojú yìí kẹ́yìn.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lọ geere. Bedri wá dúró, ó na abẹ sókè. "Abẹ ò mú o!"

"Irọ́ ni!" ni Ufuk kígbe. "Ọ̀gá, ẹ lọ pọ́n ọn mọ́ eyín yín!"

"Eyín mi ti tán, owó yín ló lè pọ́n ọn!"

"Ẹ gbọ́ olè bàbá yìí! Ọmọ yín lẹ ń jà lólè o!"

"Ọmọ mi kẹ̀? Títí n ó fi fá a tán, ọmọ ẹnikẹ́ni ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, owó ń já bọ́ sórí táwẹ́ẹ̀lì. Bedri fá ìlà kan, abẹ tún kú. Ó jó dé ọ̀dọ̀ onílù, ó jó padà. Àwọn èrò ti dí títì pa. Kódà Tolga jáde sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò ó, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí Bedri ṣe rí i báyìí, orí rẹ̀ wú. Ó tún fà á gùn sí i. Ọlọ́run ló mọ ìgbà tó ti láyọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tó wá padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ọṣẹ ti gbẹ síbẹ̀ bí ẹfun ara ògiri. Ó gbé abẹ lé e, abẹ há. Ó tún gbé e, ó há. Taner ta pọ́ún lórí àga, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Háà! Ọkọ ìyàwó ń sunkún!" ni wọ́n ń pariwo. "Ó ń ṣọ̀fọ̀ àpọ́n!"

Àyà Bedri já. Ó sáré tún ọṣẹ kùn lé e, kí ó lè rọ̀. Ẹ gbà mí, ọṣẹ náà ló tún kùn lé e! Ìgbà tó fi àtàńpàkò nu eteetí rẹ̀ ló rí i pé awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti pọ́n bíi tòmátì, ó sì ti ń wú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí ọmọ náà létí. "Ṣé ó ń ta ẹ́ ni?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń ta mí, Bàbá."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ?"

"Inú yín ń dùn."

Nǹkan kan já nínú Bedri. Ó yíjú sí àwọn èrò, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ dúró! Ẹ pa ìlù! Abẹ ò lọ!"

Wọ́n hó yèè. Owó tún rọ̀.

"Mi ò ṣeré! Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, abẹ ò lọ mọ́!"

Ẹ̀rín wá di ìlọ́po. Ọkùnrin kan ń dì mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ kó má bàa ṣubú. "Ẹ wo Ọ̀gá! Ó mà mọ eré ṣe o, ó fi Ọlọ́run búra!" Àbúrò bàbá ìyàwó pàápàá rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ yọ owó ńlá kan, ó jù ú sílẹ̀. "Ó yá, Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín."

"Omi! Ẹ fún mi lómi!"

Ẹnì kan gbé tíì fún un. Ó ti tíì náà dànù, ó fẹ́ ráàárín wọn kọjá lọ síbi ẹ̀rọ omi nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n so ọwọ́ kọ́ra, wọ́n ń jó níwájú rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kó sá o! Ó ti gbowó tán, ó fẹ́ sá!" Ó ń fi èjìká tì wọ́n, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń bú wọn, gbogbo ohun tó ń ṣe ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi, wọ́n ní omi ayọ̀ bàbá ọkọ ni. Kí ni kó tún sọ? Ọ̀rọ̀ wo ló kù tí èèyàn fi ń sọ pé ọmọ òun ń jóná?

Taner fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn. "Bàbá. Ẹ fá a tán."

"Ojú ẹ ń bó, Taner."

"Mo mọ̀. Ẹ fá a. Bí ẹ bá dúró, gbogbo wọn á mọ̀."

Bedri wo ọmọ náà. Eyín rẹ̀ wà ní pípa pọ̀ gírígírí, ó ń wo iwájú gan-an. Bedri gbé abẹ. Kí Ọlọ́run dárí jì í, ó gbé e. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan péré, awọ bá abẹ jáde, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ìhó funfun náà.

Ó ju abẹ mọ́lẹ̀. Ó kọlu onílù, ó já igi ìlù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ dákẹ́! Ọṣẹ ni! Ọṣẹ tí kò wúlò ni mo rà, torí mi ò lówó ojúlówó! Mo ti fi jó ojú ọmọ mi! Ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí?"

Fèrè nìkan ló dún díẹ̀ sí i, òun náà wá dákẹ́. Wọ́n là fún un. Ó sáré bu omi, ó ń dà á sójú Taner, ó ń dà á títí kóòtù tuntun fi rin gbingbin. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọ náà yọ síta, ó pupa, ó wú, ó bó.

Àbúrò bàbá ìyàwó sún mọ́ ọn, ó bojú wò ó. "Ọṣẹ ti ta ni?"

"Ti Vahit."

"Vahit tí wọ́n ń ra ọṣẹ ìfọṣọ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Bedri tún bu omi sójú ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó bú u. Ì bá dára ká ní wọ́n bú u. Ńṣe ni oníkálukú ń wo bàtà ara rẹ̀.

Tolga ló sọdá títì wá. "Ọ̀gá, mo ní ìpara tó lè mú un tutù. Bí ẹ bá gbà."

"Mú un lọ," ni Bedri wí. Kò gbójú sókè.

Taner dìde. Ufuk fà á lọ́wọ́, wọ́n sọdá. Onílù tẹ̀ lé wọn, onífèrè tẹ̀ lé wọn, àwọn èrò tẹ̀ lé wọn. Títì tó kún bámúbámú lẹ́ẹ̀kan ṣófo ní ìhà ti Bedri, ó ku òun pẹ̀lú àga.

Ufuk padà wá, ó ń fọwọ́ họ ọrùn. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Táwẹ́ẹ̀lì yẹn... owó tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fá a parí ló ni ín."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é." Bedri ká a pọ̀ dáadáa kí ohunkóhun má bàa já bọ́, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ó jókòó sórí àga tí ọmọ rẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ìdí àga náà tutù. Lódìkejì, wọ́n ti ń rọra lulù padà, bí ìlù ẹni tó ń bẹ̀rù. Tolga ń gbìyànjú, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ kí inú àwọn èèyàn tún dùn kí ọjọ́ ọmọ ọlọ́mọ má bàa bàjẹ́. Bedri gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete.

"Abẹ ò mú o!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ti sanwó wọn! Ó ku bàbá ọkọ! Bàbá ọkọ dà? Abẹ ń retí bàbá ọkọ!"

Ẹnu Tolga ló sáré ju ọkàn rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ọkọ ìyàwó náà ló sọ. Ní ṣọ́ọ̀bù Bedri, kò sẹ́ni tó pe bàbá ọkọ, torí òun náà ni onígbàjámọ̀. Wàyí o, ó ti di bàbá ọkọ lásán. Ó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti pè é, bàbá wo ni wọ́n ń pè lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tí kò ní jẹ́?

Wọ́n là fún un. Taner jókòó sínú àga tó ń yípo, ìpara wà lẹ́rẹ̀kẹ́ kan rẹ̀, ìhó ojúlówó ọṣẹ wà lágbọ̀n rẹ̀. Tolga na abẹ sókè. Bó ṣe rí ojú Bedri báyìí, ó mọ ohun tí òun ti ṣe, kò sì mọ bí òun ṣe máa gbé ọwọ́ náà wálẹ̀.

Bedri ti ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, ó ti ọwọ́ bọ ti òsì. Ó fa inú àpò méjèèjì jáde, wọ́n ń fì lásán. Ẹnì kan tó wà lẹ́yìn rò pé eré ni, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Mi ò ní nǹkan kan," ni Bedri wí.

Taner ń wò ó nínú díńgí. Ojú ọmọ náà pọ́n.

"Máa fá a lọ, Tolga. Bàbá mi ti san tiwọn."

Tolga gbé abẹ wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Bedri ò lè dúró wò ó, kò sì lè lọ.